Ilé ìgbẹ̀bí tí àwọn aboyún ń sá fún: ohun tí ìwé Vienna sọ láàárín 1841 àti 1849

Ẹ má bínú pé ẹ kò gbúròó mi láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ìwé ìdánwò BEPC ni wọ́n kó lé wa lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí mọ̀ pé kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè kọ nǹkan mìíràn.

Inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi lóyún, oṣù rẹ̀ ti ń pé, a sì jókòó láti pinnu ibi tí yóò bímọ sí. Mo dárúkọ ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí wa. N kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyá ìyàwó fi na ọwọ́ sókè: "Rárá o, Prof. Kì í ṣe ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbígbé ni wọ́n ń gbé wọn jáde." Mo ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín?" Wọ́n ní, "Gbogbo ọjà ló mọ̀."

Èmi tí mo kàwé, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọjà! Síbẹ̀, lọ́jọ́ kejì mo gun zémidjan lọ síbẹ̀, mo sì bi ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ní ìbéèrè méjì péré: lọ́dún tó kọjá, obìnrin mélòó ló bímọ níbí, mélòó nínú wọn ló sì kú? Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé gendarme ni yín ni, àbí oníròyìn?" Mo ní olùkọ́ ìtàn ni mí. Ó ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ mi ní ìtàn nígbà náà.

Mo lọ lóòótọ́. Ìtàn tó wá sí mi lọ́kàn lójú ọ̀nà ilé ni mo fẹ́ sọ fún yín, nítorí pé ìbéèrè méjì tí mo bi ọkùnrin yẹn, ẹnì kan ti bi í ṣáájú mi ní Yúróòpù, ó sì jẹ ìyà rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Calavi, wọ́n ní kí a ka Céline. Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n dókítà ni, Destouches ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ní 1924, ìwé tó kọ láti fi gba oyè dókítà dá lórí dókítà kan tó ń jẹ́ Semmelweis. Ìwé náà dùn ún kà, àmọ́ àsọdùn pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kò sì ṣe é gbára lé. Nítorí náà, àwọn nọ́ńbà tí ẹ ó rí níbí kì í ṣe ti Céline. Inú ìwé tí Semmelweis fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1861 ni wọ́n ti wá, níbi tó ti to ìbímọ àti ikú lọ́dọọdún, tó tún to àwọn mìíràn lóṣooṣù.

Vienna ni olú ìlú Austria, Vienne ni àwa tí a kàwé lédè Faransé ń pè é. Ní 1784, ọba ńlá Joseph Kejì ṣí ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn aláìní. Ọmọ ọ̀dọ̀, alágbàṣe, ọmọbìnrin tí ọkùnrin já sílẹ̀ pẹ̀lú oyún, àwọn ló ń lọ síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú, ìyá tí kò bá lágbára láti tọ́ ọmọ sì lè fi í sílẹ̀ fún ilé ọmọ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀fẹ́ máa ń náni. Ara àwọn obìnrin yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń kọ́ṣẹ́.

Ní 1833 wọ́n pín ilé ìgbẹ̀bí náà sí méjì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1840 àṣẹ ọba jáde pé kí gbogbo ọkùnrin tó ń kọ́ ìṣègùn máa kọ́ṣẹ́ ní Apá Kìíní, kí àwọn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí sì máa kọ́ tiwọn ní Apá Kejì. Apá méjèèjì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé yàrá àbáwọlé kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Oúnjẹ kan náà, aṣọ ibùsùn kan náà, irú tálákà kan náà. Aláboyún kò sì lè yan èyí tó wù ú. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan dé aago mẹ́rin ọjọ́ kejì, Apá Kìíní ló ń gba ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó kan Apá Kejì. Ọjọ́ tí ọmọ bá mú ọ ló máa sọ ibi tí wàá sùn.

Ẹ wá wo nọ́ńbà. Láti 1841 sí 1846, ní Apá Kìíní, obìnrin 20,042 ló bímọ, 1,989 sì kú. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ní Apá Kejì, láàárín ọdún kan náà, 17,791 ló bímọ, 691 ló kú. Èyí kò pé mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún 1842 ló burú jù: nínú 3,287 tó wọ Apá Kìíní, 518 kò padà sílé. Ibà kan ló ń pa wọ́n, tí ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tí inú á wú, tí ara á gbóná bí iná, tí ìyá á sì lọ. Àwọn Faransé ń pè é ní fièvre puerpérale. Èmi á máa pè é ní ibà ìbímọ.

N kò tíì sọ èyí tó yẹ kí ẹ di mú jù. Nígbà tí ibà náà bá le, Apá Kìíní máa ń kó àwọn tó ń ṣàìsàn lọ sí ẹ̀ka mìíràn nínú ilé ìwòsàn ńlá yẹn. Bí obìnrin náà bá kú lọ́hùn-ún, ìwé ẹ̀ka ọ̀hún ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe ìwé ilé ìgbẹ̀bí. Apá Kejì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, 1,989 yẹn gan-an kò pé. Semmelweis tọ́ka sí i: ẹni tó bá ka ìwé náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lásán, ojú Apá Kìíní á mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Ta ló wá mọ̀ pé Apá Kìíní ń pa ènìyàn? Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ní ìwé lọ́wọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Kò sí ohun tó pamọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì fi ìmọ̀ náà ṣe nǹkan, ni àwọn obìnrin fúnra wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ka lẹ́tà kan. Bí obìnrin bá dé ẹnu ọ̀nà tó gbọ́ pé ọjọ́ Apá Kìíní ni, á kúnlẹ̀, á máa di ọwọ́ mọ́ra, á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà lọ. Aláboyún tó ń rọbí, lórí eékún, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí dókítà má tọ́jú òun! Àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ bímọ sí ojú títì, tàbí kí wọ́n bí i sílé kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin wá, kí wọ́n wá sọ pé ojú ọ̀nà ló ti bọ́, kí ẹ̀tọ́ wọn sí ilé ọmọ ìjọba má bàa bọ́. Ìwé fi hàn pé àwọn tó bímọ sójú títì yìí kì í sábà ní ibà náà. Obìnrin tó dá bímọ sínú òtútù, láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, ní ìrètí ìyè ju ẹni tí ọ̀jọ̀gbọ́n dúró tì lọ.

Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo rántí ìyá ìyàwó àbúrò mi, ojú tì mí díẹ̀.

Ní 1846, Semmelweis di olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá Apá Kìíní. Ọmọ Hungary ni, ìlú Buda ni wọ́n ti bí i ní 1818, nítorí náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Johann Klein ni orúkọ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn àgbà ilé ìwòsàn ti ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ikú náà. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ búburú ló ń fẹ́ ká ìlú. Wọ́n ní àwọn obìnrin ti pọ̀ jù nínú yàrá. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ló ń pa wọ́n, tàbí ìtìjú, nítorí ọkùnrin ló ń yẹ̀ wọ́n wò. Ìgbìmọ̀ kan tún sọ pé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìlú òkèèrè le jù.

Ọ̀nà tó gbà dán àwọn ìdáhùn wọ̀nyí wò ni mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí a ṣe ń ṣe ìwádìí. Bó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ìlú ni, kí ló dé tí kò fi pa àwọn tó wà ní Apá Kejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀? Kí ló dé tí kò pa àwọn tó ń bímọ sílé nínú ìlú kan náà? Bó bá jẹ́ pé ènìyàn pọ̀ jù ni, Apá Kejì ló kún jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń sá lọ. Ní ti ìtìjú, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún tí ojú rẹ̀ ti là ń kú bí ọmọge. Ní ti àwọn àjèjì, wọ́n lé wọn jáde lóòótọ́, wọ́n dín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kù láti 42 sí 20. Ikú rọlẹ̀ fún oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 1847 ó padà dé pẹ̀lú ìbínú: nínú obìnrin 312, 57 kú lóṣù kan ṣoṣo.

Ó tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ àlùfáà yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá ń kú lọ ní Apá Kìíní, àlùfáà gbọ́dọ̀ gba àárín yàrá mélòó kan kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ kékeré kan á máa lu agogo níwájú rẹ̀. Gbogbo àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ á gbọ́, àyà wọn á já. Ní Apá Kejì, àlùfáà lè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn láìgba àárín àwọn yòókù. Semmelweis bẹ àlùfáà pé kó gba ẹ̀yìn, kó má sì lu agogo mọ́. Àlùfáà gbà. Ikú kò dín. Ó kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ lé láti bímọ ní Apá Kejì, ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn náà. Ikú kò dín.

Ní oṣù kẹta 1847, ó lọ sí Venice láti sinmi. Nígbà tó dé, ó gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń la òkú láti mọ ohun tó pa á, ti kú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń la òkú gún un níka lásán. Semmelweis ka ohun tí wọ́n rí nínú ara Kolletschka nígbà tí wọ́n la òun náà. Ohun tó wà nínú ara àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń kú ní Apá Kìíní ló wà níbẹ̀, kò fi ibì kan yàtọ̀. Ọkùnrin ni Kolletschka, kò bímọ, síbẹ̀ ibà ìbímọ ló pa á.

Kí ló wà ní Apá Kìíní tí kò sí ní Apá Kejì? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń la òkú ní òwúrọ̀. Àwọn tó ń kọ́ agbẹ̀bí kì í là á. Láti ibi òkú ni dókítà ti ń bọ̀ wá ti ọwọ́ sínú ara aláboyún. Wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ṣùgbọ́n òórùn òkú kì í kúrò níbẹ̀, àwọn fúnra wọn mọ̀. Semmelweis ni ó sì ń la òkú jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tó ń pa àwọn obìnrin náà. Bó ṣe ń wá a kiri ló ń gbé e lọ bá wọn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tó yá pé Ọlọ́run nìkan ló mọ iye àwọn tí òun tipa bẹ́ẹ̀ rán lọ sí ibojì láìtọ́jọ́. N kò mọ dókítà púpọ̀ tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ó padà lọ sínú àwọn ìwé àtijọ́ títí dé 1784, ọdún tí wọ́n ṣí ilé náà. Èyí ni apá tó dùn mọ́ èmi olùkọ́ ìtàn jù. Láti 1784 sí 1822, obìnrin 71,395 ló bímọ níbẹ̀, 897 ló kú: kò pé méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá ìgbà náà, Boër, kì í fi òkú kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, ère tí wọ́n gbẹ́ bí ara obìnrin ló ń lò. Wọ́n yọ Boër ní 1822, Klein sì gba ipò rẹ̀. Láti 1823 sí 1832, nínú 28,429, 1,509 kú: ó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Òkú lílà ti di apá kan nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹ̀kọ́ náà dára, ó ti la ojú gbogbo ayé, èmi kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọdún tó wọlé ni ikú náà wọlé, ọdún tí wọ́n sì kó gbogbo ọkùnrin lọ sí Apá Kìíní ni ikú kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọgọ́ta ọdún ó lé, kò sí ẹni tó to ojú ewé kan ti èkejì.

Ní àárín oṣù karùn-ún 1847, Semmelweis gbé abọ́ kan sí ẹnu ọ̀nà Apá Kìíní. Omi kílórínì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń fi omi Javel fọ ilé mọ òórùn rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aláboyún láìfọ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Oṣù kẹrin, 57 nínú 312 ti kú, bí mo ṣe sọ. Oṣù kẹfà, 6 nínú 268. Oṣù keje, 3 nínú 250. Ní oṣù kẹwàá, àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀: obìnrin kan tí jẹjẹrẹ wà nílé ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn àkọ́kọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lásán, wọ́n kọjá sọ́dọ̀ àwọn tó kàn. Nínú obìnrin méjìlá tó ń bímọ lásìkò náà, mọ́kànlá kú. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé kì í ṣe ara òkú nìkan ni nǹkan náà ti ń wá, pé láàárín aláìsàn kan sí èkejì náà, ọwọ́ gbọ́dọ̀ kan omi yẹn. Lọ́dún 1848, obìnrin 3,556 bímọ ní Apá Kìíní, 45 kú. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹjọ ọdún náà, kò sí ìyá kan tó kú.

Ẹ máa rò pé wọ́n gbé e gun ẹṣin yí ìlú ká.

Àwọn àgbà mélòó kan dúró tì í lóòótọ́: Rokitansky, Hebra, Skoda. Ní oṣù kìíní 1849, Skoda gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pé kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò wádìí ìwé ilé ìgbẹ̀bí náà dáadáa, kí wọ́n sọ ohun tó pa àwọn obìnrin yẹn fún gbogbo ayé. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Klein kò fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bá a sọ òtítọ́: ohun tí ìgbìmọ̀ náà máa kọ́kọ́ rí ni ọdún tí òun gorí àga. Ó lọ bá àwọn aláṣẹ ìjọba, iléeṣẹ́ ìjọba sì fagi lé e. Ìgbìmọ̀ náà kò jókòó láéláé. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, àkókò iṣẹ́ Semmelweis pé, wọn kò tún un ṣe.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìgbìmọ̀ tí kò jókòó yẹn ló ń dùn mí jù. Kò sí ẹbí kan tó gbé ilé ìwòsàn náà lọ sílé ẹjọ́. Báwo ni wọ́n á ṣe gbé e lọ? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò lọ́kọ, ta ni yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò? Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n lè rí gbà ni kí àwọn àgbà jókòó, kí wọ́n ka ìwé, kí wọ́n sì sọ ọ́ síta. Ìyẹn náà ni wọ́n fi dù wọ́n. Ní Paris, Jacques Tenon ti ṣe irú rẹ̀ ní 1788: ó kọ gbogbo ohun tó rí ní Hôtel-Dieu, níbi tí aláìsàn mẹ́rin sí mẹ́fà ti ń dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn kan, ó sì fi iye òkú ibẹ̀ wé ti àwọn ilé ìwòsàn mìíràn. Ọba ló mọ̀ sí iṣẹ́ tirẹ̀. Semmelweis kò ní ọba lẹ́yìn.

Ọkùnrin kan wà tó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, ó sì pa á. Michaelis, ọ̀gá ilé ìgbẹ̀bí ní ìlú Kiel ní ìhà Jámánì, gbọ́ ìròyìn Vienna, ó gbé omi kílórínì kalẹ̀, ikú sì dín. Nígbà náà ló wá yé e pé ọwọ́ òun ni ìbátan òun kan gbà kú, ẹni tí òun yẹ̀ wò nígbà tó ń bímọ. Ní 1848 ó ju ara rẹ̀ síwájú ọkọ̀ ojú irin.

Ìyókù kò gùn. Semmelweis padà sí Hungary ní 1850. Ní ilé ìwòsàn Saint-Roch ní Pest, láti 1851 sí 1857, obìnrin 933 bímọ lábẹ́ rẹ̀, ibà ìbímọ pa mẹ́jọ. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1861, ó gùn, ó ṣòro ún kà, inú sì ń bí i nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń pè wọ́n ní apànìyàn. Èmi kò rò pé ìyẹn ràn án lọ́wọ́. Ní 1865 wọ́n tàn án dé ilé àwọn wèrè ní Vienna, wọ́n lù ú níbẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ. Májèlé tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ojú ọgbẹ́ ni ikú rẹ̀, ẹ̀yà ibà tó fi ayé rẹ̀ bá jà. Ẹni ọdún 47 ni.

Ó yẹ kí n padà sílé báyìí, nítorí mo ní ìbéèrè kan tí mo fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Màmá kan wà ní àdúgbò wa, sage-femme tó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Ìyá Agbẹ̀bí. Mo lọ sọ fún wọn bí ọkùnrin onítábìlì ṣe lé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Prof, ẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ni. Ẹ ní mélòó ló kú. Ẹ kò béèrè bí wọ́n ṣe dé." Ni wọ́n bá ṣàlàyé. Àwọn ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké tó wà káàkiri, bí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán, wọ́n á ní kí wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Òru ni, orí ọ̀kadà tàbí nínú táksí àyálò. Bó bá kú níbẹ̀, ìwé ilé ìwòsàn ńlá ló wà. Ìwé ilé kékeré mọ́ tónítóní. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ di mú. Ohun tí Apá Kìíní ṣe ní Vienna nìyẹn, àfi pé níbí, ẹni tó gba òkú náà ni ọjà ń dárúkọ.

Wọ́n wọ gèlè, wọ́n bá mi lọ. Ẹni tó jẹ́ olórí ilé ìgbẹ̀bí náà, ọwọ́ wọn ló ti kọ́ṣẹ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ó gbé registre jáde, ó fi ìwé pálí bo apá ibi tí orúkọ wà, ó ní kí n wò ó níṣojú òun. Mo wo ọdún kan gbáko. Òótọ́ ni Ìyá Agbẹ̀bí sọ: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó kú, wọ́n kọ "référée" síbẹ̀, pẹ̀lú aago tí wọ́n gbé wọn dé. Àwọn kan ti wà lẹ́nu ìrọbí fún ọjọ́ méjì níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tí kò sí "référée" níbẹ̀. Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Oyún kejì. Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ohun tó pa á, òfìfo ni. Mo na ìka sí i, n kò sọ̀rọ̀. Olórí ilé ìgbẹ̀bí wò ó, ó ní òun kò tíì dé ibí nígbà náà, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti ṣí lọ. Ìyá Agbẹ̀bí mú awò ojú wọn, wọ́n ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ẹ pe ẹni tó ṣí lọ náà. Kò kúkú tíì kú." Olórí ilé ìgbẹ̀bí kọ ọjọ́ náà sórí ìwé kékeré kan, ó ní òun á pè é. Mo ti padà lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní wọn kò tíì rí i bá sọ̀rọ̀. Mo ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìyàwó àbúrò mi ti bímọ, obìnrin ni. Ibi tí ìyá rẹ̀ fẹ́ náà ló bí i sí. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí nínú registre fún ìyá, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ti ọjọ́ Àìkú yẹn ńkọ́? Aṣọ òkè ni ọkọ rẹ̀ ń tà, àbí?" Èmi kò sọ orúkọ, n kò tilẹ̀ rí orúkọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Èmi àti àwọn ọmọ troisième mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní agbègbè wa: ilé ìgbẹ̀bí wo ni wọ́n bímọ sí, èwo ni wọ́n sá fún, kí ni wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀. Ẹ bá wa bi àwọn ìyá yín. Ẹ kọ ọdún àti ìlú, ẹ má kọ orúkọ ènìyàn.